Fáìlì Kan, Ọwọ́ Púpọ̀

Káúńtì 254 ló wà ní ìpínlẹ̀ Texas. Loving County, tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, kò ní tó 100 ènìyàn nínú. Harris County, tí ìlú Houston wà nínú rẹ̀, ní ju mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ lọ. Ìwé òfin kan náà ni gbogbo wọn ń ṣí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbefọ́ba ní káúńtì kékeré àti iṣẹ́ agbefọ́ba ní káúńtì ńlá kò jọra rárá. Agbefọ́ba káúńtì kékeré mọ ọlọ́pàá tó mú afurasí, ó mọ adájọ́, ó ṣeé ṣe kó mọ ìyá afurasí náà pẹ̀lú. Òun ló ń gba fáìlì, òun ló ń pe ẹlẹ́rìí, òun ló ń dúró níwájú júrì. Òun náà ni yóò pàdé ẹbí ẹni tó rán lẹ́wọ̀n ní ilé ìtajà lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò sì wo ara wọn lójú.

Ní ọ́fíìsì ńlá bíi tiwa, níbi tí mo ti ń ṣe agbefọ́ba, kò sí ẹni tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n gbà mí fún, wọn ò ní kí n máa gbẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ló ń gba ẹ̀sùn wọlé. Ẹlòmíràn ló ń gbé e lọ síwájú grand jury, àwọn ará ìlú tó ń sọ bóyá ẹ̀sùn yẹ fún ìgbẹ́jọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá lọ́yà olùjẹ́jọ́ dúnàá-dúrà. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìgbẹ́jọ́, ẹni tí kò tíì fojú kan fáìlì náà ní oṣù tó kọjá lè ni yóò dìde sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ̀ka mìíràn pátápátá ni. Bí iṣẹ́ àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta ló rí: aládìrẹ tó fi ẹ̀kọ ya aṣọ kọ́ ni aláró tó rẹ ẹ́, aláró kọ́ ló sì ń tà á n'Ítokú. Síbẹ̀, aṣọ kan ṣoṣo ni oníbàárà ń rà. Bí àwòrán rẹ̀ bá dàrú, ta ni yóò dá lẹ́bi?

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti fi yé mi. Agbára agbefọ́ba pọ̀ gidigidi. Robert Jackson, tó jẹ́ olórí agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn agbefọ́ba ìjọba àpapọ̀ ní 1940 pé kò sí ẹlòmíràn ní ilẹ̀ náà tí agbára rẹ̀ lórí ẹ̀mí, òmìnira àti orúkọ ọmọ ènìyàn tó tiwọn. Ní ọ́fíìsì ńlá, a máa ń fọ́ agbára yẹn sí wẹ́wẹ́, olúkúlùkù a mú díẹ̀, títí tí kò fi ní jọ agbára lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ní Harris County, agbefọ́ba wà nídìí fóònù tọ̀sán-tòru. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ènìyàn yóò pe ọ́fíìsì, yóò ṣàlàyé ohun tó rí, agbefọ́ba yóò sì sọ bóyá ẹ̀sùn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní àwọn káúńtì mìíràn, afurasí á ti dé àtìmọ́lé kí fáìlì tó tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ wa, ẹnu ẹnì kan ló ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ẹnìkejì tí a lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní wákàtí yẹn, nítorí náà ìbéèrè la fi ń dípò rẹ̀.

Ọlọ́pàá á ní òun bá kokéènì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú mọ́tò náà, òun sì fẹ́ mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló ni mọ́tò? Ta ló jókòó sẹ́yìn? Ṣé ẹnikẹ́ni nawọ́ sí abẹ́ ìjókòó nígbà tí iná ọlọ́pàá tàn? Ṣé kámẹ́rà àyà yín ń ṣiṣẹ́? Lábẹ́ òfin Texas, pé ènìyàn wà nítòsí oògùn olóró kò tó. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, pé ó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè kù, tàbí kí ó má ku ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá tó ti dúró sójú títì láti ìrọ̀lẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Olè jíjà ńkọ́? Láti 2015, ohun tí wọ́n jí bá ti tó dọ́là 2,500, ẹ̀sùn náà di felony, ẹ̀sùn ńlá tí í bá ènìyàn dé ọjọ́ ikú: ilé tí yóò háyà, iṣẹ́ tí yóò wá, ìwé àṣẹ tí yóò gbà. Ká ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n rà ní dọ́là 2,800 lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé lọ. Òfin ní iye tí ọjà náà tó ní ibi tí wọ́n ti jí i àti lásìkò tí wọ́n jí i ni ká kà, kì í ṣe iye tó wà lára rìsíìtì àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí agbefọ́ba òru bá kọ iye rìsíìtì sílẹ̀, felony ló kọ yẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó bá ṣí fáìlì yóò bá ọ̀rọ̀ yẹn lójú ewé àkọ́kọ́, yóò sì gbà pé ẹni tó kọ ọ́ ti wọ̀n ọ́n wò. Báyìí ni ìpinnu ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ń di òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé júrì ni yóò tú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó. Júrì kì í sábà rí i. Ní 2012, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ nínú ìdájọ́ pé nínú 100 ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní kóòtù àwọn ìpínlẹ̀, nǹkan bí 94 ló fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, ó tó 97. Ìdúnàá-dúrà ni iṣẹ́ wa. Ọ̀nà kóòtù níta, ẹ̀gbẹ́ ògiri, orí fóònù, ibẹ̀ la ti ń parí ẹjọ́. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n èmi àti àwọn lọ́yà tó ń gbèjà olùjẹ́jọ́ ti ń ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ọ̀la a ó tún pàdé lórí ogún fáìlì mìíràn.

Bí ọwọ́ wa ṣe gùn tó nínú ìdúnàá-dúrà yìí, ẹjọ́ Paul Hayes ti Kentucky ló fi hàn jù. Wọ́n fi ẹ̀sùn ayédèrú ìwé sọ̀wédowó kàn án, owó tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ dọ́là 88 àti sẹ́ǹtì 30. Agbefọ́ba ní kó gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò padà lọ sọ́dọ̀ grand jury láti lo òfin tó wà fún ẹni tó ti jẹ̀bi tẹ́lẹ̀ rí. Hayes kọ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ló gbà. Ní 1978, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní agbefọ́ba kò ṣẹ̀ sí òfin. Mo máa ń rán ara mi létí pé ohun tí òfin gbà mí láyè láti ṣe pọ̀ ju ohun tó yẹ kí n ṣe lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Houston ni mo máa ń sọ jù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá á bá ohun kan tó jọ oògùn olóró lára ènìyàn, á fi ìdánwò kékeré tó wà nínú ọ̀rá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́bàá ọ̀nà, àwọ̀ á yí padà, wọn á mú onítọ̀hún. Kò lówó béèlì. Agbefọ́ba á ní bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò lò, yóò sì lọ sílé. Bó bá ní òun fẹ́ ìgbẹ́jọ́, oṣù mélòó kan ni yóò fi dúró. Ó ní iṣẹ́, ó lọ́mọ nílé, nítorí náà ó gbà. Ilé àyẹ̀wò a ṣì yẹ ohun náà wò bó bá kàn án, àní lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí. Nígbà tí èsì ń jáde, ó hàn pé ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe oògùn olóró rárá. Láàárín 2014 sí 2016, ọ̀pọ̀ irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fagi lé ní Harris County. Ọ́fíìsì agbefọ́ba ibẹ̀ yí ìlànà rẹ̀ padà: kí èsì ilé àyẹ̀wò kọ́kọ́ dé ná kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọlọ́pàá ṣe ìdánwò tí wọ́n kọ́ ọ. Agbefọ́ba fi ìfilọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń fi lọ̀ lọ olùjẹ́jọ́. Lọ́yà jíṣẹ́ fún oníbàárà rẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá ó tinú rẹ̀ wá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò sí òṣìkà kankan nínú wọn. Ẹni tó máa gbé fáìlì náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tó máa béèrè pé, "Èsì dà?", òun nìkan ni kò sí.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ́fíìsì kékeré ló sàn nígbà náà. Ẹ rọra. Ní 1987, ní Williamson County, tí kò jẹ́ káúńtì ńlá nígbà yẹn, wọ́n dá Michael Morton lẹ́bi pé ó pa ìyàwó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti sọ fún ìyá ìyá rẹ̀ pé òun rí ẹni tó ṣe é, pé kì í ṣe bàbá òun. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ìjọba, lọ́yà Morton kò rí i. Nǹkan bí ọdún 25 ló lò lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA tó dá a sílẹ̀ ní 2011. Agbefọ́ba ìgbà náà ti di adájọ́. Ó fi ipò sílẹ̀, ó pàdánù ìwé àṣẹ lọ́yà rẹ̀, ó sì sun ẹ̀wọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Morton sọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2014, òun ló sì mú un di dandan fún wa láti fi ẹ̀rí tó wà nínú fáìlì han lọ́yà olùjẹ́jọ́. Ní ibi tí ẹnì kan ti gbé gbogbo ẹrù, ẹni náà lè mọ̀ kó dákẹ́. Ní ibi tí gbogbo wa ti jọ gbé e, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Òfin ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Láti 1963, nínú ẹjọ́ Brady, ó ti jẹ́ dandan kí agbefọ́ba fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀rí tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹjọ́ Giglio ti 1972 ló wá kan ọ́fíìsì ńlá gan-an. Agbefọ́ba kan ti ṣèlérí fún ẹlẹ́rìí pàtàkì pé wọn kò ní fi ẹ̀sùn kàn án bó bá jẹ́rìí. Agbefọ́ba mìíràn ló ṣe ìgbẹ́jọ́, kò sì mọ̀ nípa ìlérí náà. Ó sọ fún júrì pé wọn kò ṣèlérí kankan. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní àìmọ̀ rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì jẹ́ lójú òfin, ohun tí ọ̀kan nínú wọn ṣèlérí, gbogbo wọn ló ṣèlérí rẹ̀. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Kyles, wọ́n tún fi kún un pé ohun tí ọlọ́pàá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ mọ̀ wà lọ́rùn wa pẹ̀lú. Òfin sọ pé ẹnì kan ni wá. Ìṣètò iṣẹ́ wa ló sọ wá di ọgọ́rùn-ún. Àárín ohun méjèèjì yìí ni mo ti ń jẹun.

Nígbà mìíràn, ìdá tó kù nínú ẹrù náà kò tilẹ̀ sí lọ́fíìsì wa. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Texas mọ èyí dáadáa. Ká ní ọ̀dọ́ kan tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jalè, a sì jọ fẹnu kò sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan tí wọ́n dá dúró, tí kò ní lọ bó bá hùwà dáadáa. Lójú kóòtù wa, àánú nìyẹn. Lábẹ́ òfin ìwọ̀lú ìjọba àpapọ̀, olè jíjà tí ìdájọ́ rẹ̀ tó ọdún kan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù lọ, ì báà jẹ́ pé kò sun ẹ̀wọ̀n náà rárá. Wọ́n lè dá a padà sílé. Ọjọ́ 364 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ẹni tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní Houston àti ẹni tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó tí kò mọ̀ mọ́. Láti 2010, ẹjọ́ Padilla ti mú un ní dandan fún lọ́yà olùjẹ́jọ́ láti kìlọ̀ fún un. Òfin kò fi dandan mú èmi, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe fún mi láti béèrè ibi tí wọ́n ti bí i kí n tó kọ iye ọjọ́ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé kí n máa ṣègbè fún tiwa. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, màmá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Lọ́yà, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lò ń ti àwọn ọmọ wa mọ́lé fún òyìnbó?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mà, ọmọ ta ni wọ́n jà lólè?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ọmọ àbúrò rẹ̀ ní ẹjọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Ẹ wá lọ́yà fún un lónìí." Ní Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀gá mi kí fáìlì náà má ṣe gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Màmá náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi náà ń jìyà ọwọ́ púpọ̀ yìí, bóyá ju olùjẹ́jọ́ lọ. Wọ́n máa ń gbé àwa agbefọ́ba láti kóòtù kan sí òmíràn bí àyè bá ṣí sílẹ̀. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n na ìbọn sí yóò jókòó sọ gbogbo rẹ̀ fún agbefọ́ba kan, omi á lé ròrò lójú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn á pè é, á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀." Nígbà tí ẹnìkẹta bá fi máa pè, kò ní gbé fóònù mọ́. A ó wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹlẹ́rìí kò fọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ́fíìsì ni kò fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí la lè ṣe? Àwọn ọ́fíìsì kan ti dá ẹ̀ka sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n tún fáìlì àtijọ́ kà lọ. Craig Watkins, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò olórí agbefọ́ba káúńtì ní Texas, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Dallas County ní 2007, ọ̀pọ̀ tí kò jẹ̀bi sì tipa bẹ́ẹ̀ gba òmìnira nítorí pé ẹ̀rí àtijọ́ wọn ṣì wà ní ìpamọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́, ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe kò le. Ẹ ka fáìlì láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá sọ, bí ẹni pé kò sí ẹni tó kà á rí. Ẹ wo fídíò kámẹ́rà fúnra yín kí ẹ tó fi ọdún ẹ̀wọ̀n lọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ṣe ìlérí, tàbí tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń mú iyèméjì wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá sì pinnu láti má pe ẹjọ́, ẹ kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Texas sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ agbefọ́ba ni pé kí ìdájọ́ òdodo wáyé, pé ìdálẹ́bi kọ́ ni. Fáìlì tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó dájú jẹ́ iṣẹ́ tó parí.

Wọn á ní, "Ọ̀gá, àkókò dà?" Òótọ́ ni. Bí fáìlì bá pọ̀ ju orí lọ, ìwà rere nìkan kò lè kà á tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tó ti búra fún ìwé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ pé ènìyàn kò lè pe agbefọ́ba lẹ́jọ́ fún owó gbà-máà-bínú nítorí ohun tó ṣe nínú pípe ẹjọ́. Ìbò ló kù. Ní Nàìjíríà, gómìnà ló ń yan agbẹjọ́rò àgbà tí agbára ìpẹ̀jọ́ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Texas, ẹ̀yin lẹ ń dìbò yan olórí agbefọ́ba káúńtì yín lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀yin náà lẹ sì ń yan àwọn kọmíṣọ́nnà tó ń pín owó fún un. Nígbà tó bá wá tọrọ ìbò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ bi í pé: fáìlì mélòó ló wà lọ́rùn agbefọ́ba kan ní ọ́fíìsì rẹ? Èsì ilé àyẹ̀wò ń pẹ́ tó báwo? Ẹlẹ́rìí kan, agbefọ́ba mélòó ló ń rí kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí? Bó bá jẹ́ iye ẹni tó ti rán lẹ́wọ̀n ló fi dá yín lóhùn, ẹ tún ìbéèrè náà bi í.